PP méjì, nọ́ńbà kan: èyí tí a fi peroxide gé àti èyí tí a kò gé

Ọ̀kún o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi rọ́bà ṣiṣẹ́ jẹun láti Ọbajànà títí dé Ẹ̀gbẹ̀.

Àpò hóró rọ́bà méjì ló wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kàbà. PP ni méjèèjì, ìyẹn polypropylene tí wọ́n fi ń ṣe àga, bàsíà, ìdérí ike, ẹní rọ́bà àti àpò sìmẹ́ńtì. Nínú ìwé tó bá wọn wá, ìwọ̀n ìṣàn àwọn méjèèjì jẹ́ 12. Mo da ọ̀kan sínú ẹ̀rọ injection, ẹ̀rọ tó ń ti rọ́bà yíyọ́ wọ inú mọ́ọ̀dù, ìdérí jáde, etí rẹ̀ sì ká sókè bí ewé tí oòrùn pa. Mo da èkejì sí i, n kò yí ìgbóná padà, n kò fọwọ́ kan ohunkóhun lára ẹ̀rọ. Ìdérí ti èyí jáde pẹrẹsẹ. Ọmọṣẹ́ mi wò mí lójú, ó ní, "Ọ̀gá, ṣebí 12 ni wọ́n kọ síbẹ̀ méjèèjì?"

Òótọ́ ni, 12 ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà dé 12 yàtọ̀, ọ̀nà yẹn gan-an ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra PP máa béèrè.

Ohun tí 12 ń sọ

Bí wọ́n ṣe ń rí nọ́ńbà náà kò ṣòro. Wọ́n á da PP sínú sìlíńdà kékeré tó gbóná dé 230°C, wọ́n á gbé ẹrù kílò 2.16 lé e lórí, rọ́bà tó ti yọ́ á máa gba ojú ihò kan jáde, ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 2.095. Iye gíráàmù tó bá jáde láàárín ìṣẹ́jú 10 ni ìwọ̀n ìṣàn, tí wọ́n ń pè ní MFR. Ìlànà ISO 1133 àti ASTM D1238 ló ń darí ìdánwò náà. PP tí MFR rẹ̀ jẹ́ 3 ki bí àmàlà tó ti tutù. Èyí tó jẹ́ 35 ń ṣàn bí ẹ̀kọ gbígbóná.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìdánwò náà lọ́ra. Ní MFR 12, bí rọ́bà ṣe ń yára fara ha ògiri ihò yẹn kò ju nǹkan bí 30 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń lò. Nínú ẹ̀rọ injection, ó ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá fi MFR nìkan ra rọ́bà dà bí ẹni tó wo ọkùnrin kan níbi tó ti ń rọra rìn lọ sóko, tó wá ní òun ti mọ bó ṣe ń sáré.

Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti yà

Òwú ni PP, òwú tó tín-ín-rín kọjá ohun tí ojú lè rí. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn ìyá tó ń hun aṣọ ní Bùnú tàbí Ògìdì mọ̀ pé òwú tó gùn máa ń lọ́ mọ́ra wọn, ó sì máa ń le láti tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwú inú rọ́bà yíyọ́. Àwọn tó kúrú ń yọ́ kọjá lára ara wọn. Ìwọ̀nba àgbà òwú tó wà láàárín wọn, àwọn tó gùn ju gbogbo wọn lọ, ni ó ń di gbogbo wọn mú.

PP àbínibí ni mo máa pe àkọ́kọ́. Nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é, irú Eleme lẹ́bàá Port Harcourt, gáàsì háídrójìn ni wọ́n fi ń dá òwú dúró bó ṣe ń gùn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ó ṣàn dáadáa, wọ́n á fi háídrójìn sí i, òwú á kúrú. Ó ti ibẹ̀ jáde ní 12. Àmọ́ òwú rẹ̀ kò dọ́gba: kúkúrú wà níbẹ̀, èyí tó wà láàárín wà níbẹ̀, àwọn àgbà náà sì wà níbẹ̀.

PP gígé ni èkejì. Wọ́n ti ṣe é ní èyí tó ki, ká ní MFR 3, wọ́n wá dà á sínú extruder, ẹ̀rọ tó ń yọ́ rọ́bà tó sì ń tì í jáde, pẹ̀lú kẹ́míkà peroxide díẹ̀, wọ́n sì gé e títí ó fi dé 12. Nínú ìwé rẹ̀, ẹ ó máa rí lẹ́tà CR, ìyẹn controlled rheology: wọ́n ti darí ìṣàn rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ bi ẹni tó ń tà á.

Peroxide tí wọ́n ń lò jù fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní DHBP. Ọ́ksíjìn méjì fara mọ́ra nínú rẹ̀, ìdè àárín wọn kò sì lágbára. Bí ó bá gbóná, ìdè náà já, ègé kọ̀ọ̀kan sì di ẹni tí ebi ń pa, tó ń wá ohun tí yóò mú. Háídrójìn ló ń já gbà lára òwú PP, pàápàá ní ibi tí ẹ̀ka kékeré ti yọ lára òwú, torí ibẹ̀ ló rọrùn jù láti já a. Bí háídrójìn bá ti kúrò, òwú náà kò lè dúró mọ́, ó já sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Òwú tó gùn ni ó ní ibi púpọ̀ tí wọ́n ti lè gé e. Nítorí náà àwọn àgbà òwú ni peroxide ń kọ́kọ́ bá. Ẹ rántí bí ìjábẹ̀ ṣe ń ṣe ewédú: kì í ṣe omi ni ẹ fi kún un, okùn tó ń fà ni ẹ já. Àwọn onímọ̀ ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn bí gígùn òwú ṣe yàtọ̀ síra. Ní PP àbínibí, ó sábà máa ń wà láàárín 4 sí 8. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e, ó ń sún mọ́ 2 tàbí 3. Ó kúrú, ó sì dọ́gba.

Kì í sì í pẹ́ kí ó tó hàn. Bí gígùn òwú bá dín sí ìdajì ní ìpíndọ́gba, kíki rọ́bà náà nígbà tí ẹ bá rọra tì í á dín ju ìlọ́po 10 lọ. Ìdí nìyẹn tí gíráàmù díẹ̀ fi ń yí odindi àpò padà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣàn: ibi tí owó ti ń ṣòfò jù

Ẹ jẹ́ kí n tú èyí palẹ̀ dáadáa, torí mo ti rí ẹni tó ra rọ́bà lọ́pọ̀ lórí àṣìmọ̀ yìí.

Bí ẹ bá rọra tì wọ́n, méjèèjì ń ṣàn bákan náà. Ẹ wá sáré tì wọ́n gba ibi tóóró. Àgbà òwú inú PP àbínibí á na ara wọn sí apá ibi tí ìṣàn ń lọ, wọ́n á tú kúrò lára ara wọn, rọ́bà á sì fúyẹ́. Bí ẹ ṣe ń yára tì í sí i ni ó ń fúyẹ́ sí i. PP gígé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó. Àgbà òwú tí ì bá tú kò sí níbẹ̀ mọ́, kíki rẹ̀ sì ń pẹ́ kí ó tó rẹlẹ̀.

Ohun tó wá túmọ̀ sí ni pé, bí nọ́ńbà wọn bá dọ́gba, PP gígé ni ó máa béèrè agbára jù nínú ẹ̀rọ injection, kì í ṣe PP àbínibí. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé òdì kejì ni. Bí ẹ bá ń lo PP àbínibí 12, tí ẹ fẹ́ fi gígé rọ́pò rẹ̀, ẹ ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ju 12 díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mọ́ọ̀dù yín lè má kún dé etí.

Kí wá ló dé tí àwọn èèyàn fi ń yìn ín pé ó ń ṣàn? Torí pé ó rọrùn láti gé PP dé ibi tó jìnnà. Àwọn tó ń fẹ́ òwú fún aṣọ ìbòmú, irú èyí tí gbogbo wa lò ní 2020, ń lo PP tí MFR rẹ̀ ju 1,000 lọ. Peroxide ni wọ́n sábà máa fi ń gé e dé ibẹ̀.

Lẹ́nu ihò tí rọ́bà ti ń jáde, ìyàtọ̀ tún hàn sí ojú lásán. PP àbínibí a máa wú bó bá jáde, torí àwọn òwú tí ẹ ti nà nínú ihò fẹ́ ká padà. PP gígé kì í wú púpọ̀. Ẹni tó ń ṣe okùn tàbí tẹ́ẹ̀pù tínrín lè wọn èyí fúnra rẹ̀: ẹ fi kálípà wọn fífẹ̀ ihò, kí ẹ wọn okùn rọ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kí ẹ fi ọ̀kan wé èkejì. N kò ní ẹ̀rọ MFR ní ṣọ́ọ̀bù mi; ìwọ̀n yìí ni mo fi ń dá wọn mọ̀.

Ìdí tí ìdérí mi fi ká náà kò jìnnà síbẹ̀. PP àbínibí wọ mọ́ọ̀dù, àgbà òwú rẹ̀ nà, ó tutù kí wọ́n tó ká padà. Nígbà tí ìdérí jáde, apá kan fà ju apá kejì lọ. PP gígé kò ní ohun tó máa fà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí PP àbínibí ti borí

Kò sí bí ẹ ṣe lè gé àgbà òwú kúrò kí iṣẹ́ wọn má bá wọn lọ. Àwọn ni ó ń jẹ́ kí rọ́bà yíyọ́ gbé ara rẹ̀ ró. Iyán tí a gún dáadáa ń dì mọ́ra, ẹ lè gbé e sókè lọ́wọ́ kan. Àṣáró kò ṣeé gbé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe àwo ìgbóúnjẹ, tó ń gbóná pátákó rọ́bà kí ó tó fà á wọ mọ́ọ̀dù, nílò ohun tí kò ní já sílẹ̀ lórí iná. Ẹni tó ń fẹ́ ìgò rọ́bà nílò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi PP gígé ṣe é, pátákó á rọ̀ wálẹ̀ láàárín, ibì kan á fẹ́lẹ́, ibì kan á ki.

Àpò tí wọ́n hun náà wà níbẹ̀. Àwọn àpò sìmẹ́ńtì tí ẹ ń rí lẹ́yìn ọkọ̀ àjàgbé lójú ọ̀nà kọnkéré tó ti Ọbajànà wọ Kàbà, tẹ́ẹ̀pù PP ni wọ́n hun. Wọ́n nà á gan-an lẹ́yìn tó bá jáde kí ó lè le. PP tó ki, tí MFR rẹ̀ wà ní nǹkan bí 3, ni wọ́n máa ń lò fún un. Gígùn òwú ló fún àpò náà lágbára. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi PP gígé hun àpò gàrí, mo bẹ̀ ẹ́, kí ó má ṣe é. Ìyá tó gbé àpò náà sórí ni yóò jìyà rẹ̀.

PP àbínibí a máa le díẹ̀ ju gígé tí nọ́ńbà wọn dọ́gba. PP gígé náà kò lè fara da fífà tó bí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ 3 ṣe ń ṣe. Òórùn tún wà níbẹ̀: bí DHBP bá já, ó ń fi acetone àti tert-butanol sílẹ̀. Bí extruder kò bá ní ihò tí èéfín ń gbà jáde, díẹ̀ á kù sínú rọ́bà. Fún ìdérí korobá, kò burú. Fún ike oúnjẹ, èmi kò ní lò ó láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yẹ fún oúnjẹ.

| Iṣẹ́ | Èyí tí mo máa mú |
|---|---|
| Ìdérí pẹrẹsẹ, àpótí fẹ́lẹ́ | Gígé, nọ́ńbà rẹ̀ ga díẹ̀ |
| Òwú tínrín, aṣọ aláìhun | Gígé |
| Tẹ́ẹ̀pù àpò, okùn ẹrù | Àbínibí, nǹkan bí 3 |
| Àwo tí a gbóná fà, ìgò fífẹ́ | Àbínibí tó ki |
| Bàsíà, àga | Àbínibí. Gígé bí kíká bá ń dà yín láàmú |

Ẹní rọ́bà kò sí nínú tábìlì yẹn torí ó gba àròjinlẹ̀. Tẹ́ẹ̀pù rẹ̀ kì í gbé ẹrù bíi ti àpò, àmọ́ wọ́n ń nà án. Mo ń lo àbínibí fún un. Bí tẹ́ẹ̀pù bá ń já nígbà tí a bá ń sáré fà á, mo máa ń po gígé díẹ̀ mọ́ ọn. Kò pọ̀, ìdá kan nínú márùn-ún.

Kí a rà á ní gígé, àbí kí a gé e fúnra wa?

Bí ẹ bá ní extruder, ó lè wù yín láti ra PP tó ki kí ẹ máa gé e bí iṣẹ́ bá ṣe béèrè. Mo ń ṣe é. Ó ní èrè tirẹ̀, ó sì ní ewu tirẹ̀.

Ìwọ̀n peroxide tí a nílò kéré débi pé ojú kò lè wọ̀n ọ́n. Nínú àpò PP kílò 25, 200 nínú mílíọ̀nù jẹ́ gíráàmù 5 péré. 500 nínú mílíọ̀nù jẹ́ gíráàmù 12.5. Ẹ má da omi peroxide sí i. Bí gíráàmù 5 ṣe máa kárí kílò 25 kò ṣeé ṣe nínú agbada; ibì kan á ṣàn bí omi, ibì kan kò ní mọ̀ pé ẹ fi nǹkan kan sí i. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti po mọ́ hóró PP. Bí peroxide inú hóró náà bá jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù 100 rẹ̀ ló máa fún yín ní gíráàmù 5 yẹn. Òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù kan la fi ń wọn èyí, kì í ṣe òṣùwọ̀n ọjà.

Ìgbóná àti àkókò ló kàn. Ní nǹkan bí 180°C, ìdajì DHBP á já láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní 220°C, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó. Kí èyí tó kù má bàa ju ìdá kan lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ó gbọ́dọ̀ já sí ìdajì ní ẹ̀ẹ̀meje. Ẹni tó ń yọ́ PP ní 185°C nítorí owó iná, tí rọ́bà ń lo ìṣẹ́jú kan àbọ̀ nínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń kó peroxide tí kò tíì ṣiṣẹ́ jáde. Nígbà tí oníbàárà bá tún yọ́ hóró náà, gígé á bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń lo 215 sí 225.

Ẹ kó peroxide sí ibi tó tutù, tí oòrùn kò dé, jìnnà sí ásíìdì, ìpẹtà àti iná. Inú kọ̀ǹténà onípáànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn Kàbà kì í ṣe ibi tí a ń kó peroxide sí. Bí iná ọba bá sì lọ lójijì, èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ tí kò tíì pò á gbóná níbẹ̀, á já lójú kan. Nígbà tí iná bá dé, PP lásán ni mo máa ń kọ́kọ́ fi fọ inú ẹ̀rọ, mo sì ń da ohun tó bá jáde nù.

Àwọn kan ń fi ooru nìkan gé e: wọ́n á gbé ìgbóná lọ sókè gan-an, tàbí kí wọ́n yọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó ń gé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó máa dúró, ó ń pọ́n, ó sì ń jẹ oògùn tó ń dáàbò bo PP lọ́wọ́ oòrùn àti afẹ́fẹ́. Àlòkù PP ti gba ọ̀nà yẹn kọjá ná. Ìṣàn rẹ̀ ti pọ̀ sí i kí ó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ díẹ̀ wò kí ẹ tó fi peroxide kún un.

Èyí ló mú mi dé ibi tó dùn mí jù. Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ra àlòkù tí ẹni tó tà á fún mi ní PP pọ́ńbélé ni. Mo fi peroxide sí i. Láàárín wákàtí kan, ojú asẹ́ ti dí, ẹ̀rọ ń kérora, ohun tó sì ń jáde kún fún kókó bí àmàlà tí a kò rò dáadáa. Láílọ́ọ̀nù omi inú ọ̀rá ló wà nínú rẹ̀, PE, ìyẹn polyethylene. Òwú PE kì í já bí peroxide bá gba háídrójìn lára rẹ̀. Ó ń so mọ́ òwú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Ohun tó ń gé PP ni ó ń so PE pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi tú súkúrúù jáde tí a fi ń fọ̀ ọ́.

Omi kò lè ya PP àti PE, torí méjèèjì ń léfòó. Ìgbóná ló ń yà wọ́n. PP kì í yọ́ títí ó fi dé nǹkan bí 160°C. PE tó le ń yọ́ ní nǹkan bí 130, ti láílọ́ọ̀nù sì ti yọ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Mo ní irin pẹlẹbẹ kan tí mo ń mú gbóná dé 140, mo sì ń to ègé mẹ́wàá láti inú àpò kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀. Èyí tó bá rọ̀ tó lẹ̀ mọ́ irin, PE ni. Bí ọ̀kan péré bá yọ́, peroxide kò ní wọ inú àpò yẹn lọ́wọ́ mi.

Àpò tó ṣe ìdérí pẹrẹsẹ yẹn ni mo fi parí iṣẹ́ ìdérí. Èyí tó mú etí ká kò bàjẹ́ rárá. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣe bàsíà ní Ìyàrà; bàsíà rẹ̀ ki dáadáa, kò ní ká, mọ́ọ̀dù rẹ̀ sì gùn débi pé fífúyẹ́ tí PP àbínibí ń fúyẹ́ bí a bá sáré tì í ni yóò jẹ́ kí ó kún dé etí.